Owó Oníṣègùn Tó Padà Wálé

Nínú gbogbo ilé gíga tó tò sí Grand Concourse ní Bronx, èyí tí mò ń tọ́jú ni ayálégbé kì í ti í gbọ̀n nígbà òtútù. Èmi ni súpà ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí súpà ń ṣe, òun ni wọ́n fi ilé ńlá lé lọ́wọ́, tó ń gbé inú rẹ̀, tó ń tún páìpù ṣe, tó ń gbá àtẹ̀gùn, tó sì ń bá bọ́ílà wọ̀jà nísàlẹ̀ ilé kí ooru lè gòkè lọ bá àwọn èèyàn. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti yà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn súpà ilé mìíràn máa ń wá mú mi lọ kí n wá gbọ́ bọ́ílà tiwọn. Mo kàn máa ń gbé etí lé páìpù ni. Èyí tó ń kàn gbà-gbà-gbà, mo mọ ohun tó há sí i lọ́fun. Èyí tó ń mí fíìn, mo mọ ibi tó ti jò. Bí bọ́ílà bá ń ké bíi pé ó fẹ́ bú, tí gbogbo èèyàn ń sá jáde, èmi ló ń sá wọlé. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ẹ̀rù kì í bà mí.

Ọdún tí ẹ̀rù bà mí ni mo fẹ́ sọ.

Kókó kan ló yọ sí ìyàwó mi lọ́rùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó gbórí sókè láti kọrin. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ nígbà náà. Ó ní ọ̀fun ló ń dun òun, pé yóò lọ. Kò lọ. Nígbà tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ti tó ẹyin ẹyẹlé. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọ́. Dókítà ní ohun burúkú wà nínú rẹ̀, pé àwọn ti kó o tán, ṣùgbọ́n àwọn yóò máa yà á ní sikáànù, fọ́tò inú ara, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn lè mọ̀ bó bá fẹ́ padà wá.

Kó má padà wá. Ohun tí mò ń tọrọ nìyẹn láti ìgbà náà, ì báà ṣe lórí àkàbà, ì báà ṣe lábẹ́ sínkì.

Inṣọ́ránsì wà níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò ní san. Wọ́n ní dókítà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn kó tó gbé ọ̀bẹ. Ni ọsibítù bá fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ sí èmi. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní kí n má dá wọn lóhùn, kí n máa san án ní díẹ̀díẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú yìí nìyẹn. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń san owó ọsibítù ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ títí dòní. Ọmọ náà ti níyàwó.

Èmi san tèmi lẹ́ẹ̀kan. Owó tí mo fẹ́ fi kan òrùlé ilé mi ní Nàìjíríà ni mo kó sílẹ̀. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ láìbo, koríko ń hù nínú pálọ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ló ń ṣe mí. Kí wọ́n máa wí.

Níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í jẹ oníṣègùn ní gbèsè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, egbò kan mú mi lẹ́sẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Oníṣègùn kan ní ìletò kejì ló fi ewé wò ó títí tó fi san. Ọjọ́ tí ojú egbò náà pàdé ni bàbá mi tú ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní, ó fà á lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn náà. Oyún wà nínú ewúrẹ́ náà. Ìyá mi ń ráhùn tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn ò dúró kó bímọ ná. Wọ́n ní, “Owó oníṣègùn kì í sùn nílé. Bó bá sùn, àìsàn á wá bá a sùn.”

Wọ́n tún sọ èkejì, òun ló sì wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ní bí oníṣègùn bá gba owó lọ́wọ́ rẹ, ó ti dúró fún aláìsàn rẹ. Bó bá wá dá owó náà padà, kí o tètè mọ ohun tó ń sọ. Ó ti yọwọ́. Mo mọ ẹnì kan tó ṣẹlẹ̀ sí ládùúgbò wa. Ọ̀rọ̀ ààlà oko dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tó ń wò ó, onítọ̀hún sì ju owó rẹ̀ padà sí i ní ìta gbangba. Ọkùnrin náà kò rí iṣu tuntun ọdún yẹn jẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe san án.

Nígbà tí àsìkò owó-orí dé, mo kó ìwé ọsibítù lọ fún ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ará Ìjẹ̀bú, tó ń bá àwa tí ọwọ́ wa le mọ́ kálàmù kọ ìwé owó-orí. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń dirun, èèyàn á gba àárín àwọn tó ń dirun kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní bí owó ìtọ́jú ara bá pọ̀ kọjá ìwọ̀n kan nínú ohun tí èèyàn pa lọ́dún, ìjọba gbà kó yọ èyí tó lé kúrò kí wọ́n tó ka owó-orí lé e. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Owó-orí mi wálẹ̀ wìì. Mo jáde láàárín àwọn onídìrí yẹn bí olóyè. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé èmi tí mo san owó ọsibítù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Ọlọ́run ti mú kí America fúnra rẹ̀ bá mi dá sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kí ọdún náà tó parí, nígbà tí òtútù tún dé tí sikáànù ìyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì kan dé nínú àpòòwé ọsibítù.

Mo rò pé owó mìíràn ni ọsibítù tún ń bèèrè. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà ni mo ti ya àpòòwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inṣọ́ránsì ti yí ọkàn padà, wọ́n ti san owó iṣẹ́ abẹ náà, owó tí èmi san ti wá di àsanlé. Kí n gba tèmi padà. Orúkọ mi wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì náà gàdàgbà.

Ẹlòmíràn á jó. Bọ́ílà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, ara mi sì tutù bí ti ọmọ tí òjò pa. Ohùn bàbá mi nìkan ni mo gbọ́. Ó ti yọwọ́.

Mo fi ṣẹ́ẹ̀kì náà sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi, mo gbé sípánà ńlá lé e lórí. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo ọrùn ìyàwó mi mọ́. Bó bá jókòó sápá ọ̀tún mi, tí àpá náà bá kọjú sí mi, mo máa dìde lọ mu omi. Bó bá ní kí n bá òun dẹ ìdè ẹ̀gbà ọrùn òun, mo máa ní ọwọ́ mi dọ̀tí. Mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá wò ó, mo máa rí i tí nǹkan ń hù níbẹ̀.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo mú ṣẹ́ẹ̀kì náà, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo gbé e padà lọ sí ọsibítù. Ọmọbìnrin kan ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì níbi tí wọ́n ti ń gba owó, èékánná rẹ̀ gùn bíi ṣíbí. Gẹ̀ẹ́sì mi kì í tì mí lójú. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ni èyí. Mo wá dá a padà.”

Ó wò ó. “Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà. Ẹ gbé e lọ sí báńkì.”

“Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ bá mi fún dókítà.”

“Wọ́n ti sanwó fún dókítà, sà.”

“Ṣé òun ló ní kí wọ́n dá tèmi padà? Ṣé ó ní òun ò ṣe mọ́?”

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. “Wá gbọ́ o. Bàbá yìí ní ká gba owó lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà tí mo ti wà lórí àga yìí, èébú nìkan ni mo máa ń gbà.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó wá rí ojú mi, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. “Dókítà ò tiẹ̀ mọ̀ sí i, sà. Kọ̀ǹpútà ló tẹ ṣẹ́ẹ̀kì yẹn jáde.”

Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú. Ohun tí mò ń rò ni pé, ta ló rán kọ̀ǹpútà?

“Bí mo bá fi í sílẹ̀ tí mi ò gbà á ńkọ́?”

“Bó bá pẹ́, a ó kó o fún ìjọba ìpínlẹ̀. Wọ́n á fi orúkọ yín sí i títí ẹ ó fi wá gbà á.”

Títí n ó fi wá gbà á. Nínú reluwé tí wọ́n ń pè ní D tí mo wọ̀ padà, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni mò ń wo ẹni tó ń wọlé, bí ẹni tó ń ṣọ́ àìsàn.

Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó bá mi kọ ìwé owó-orí. Mo ti rántí pé ìjọba náà ti gbọ́ nípa owó yìí lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n pariwo, “Súpà àgbáyé! Ojú rẹ ṣe rí báyìí? Ṣé bọ́ílà ti bí ọmọ tuntun ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi wá bi yín ní ọ̀rọ̀.”

“Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé súpà lòun náà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé èmi náà ni mo kọ ìwé owó-orí rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Jókòó, kí o sọ ohun tó ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ fún mi.”

Mo sọ fún wọn pé ọsibítù dá owó padà, owó tí a ti yọ kúrò nínú ìwé ọdún tó kọjá. Mi ò sọ ti bàbá mi. Mo bi wọ́n bóyá ìjọba á sọ pé mo parọ́.

“Irọ́ wo?” Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Lọ́dún tó kọjá, owó jáde lọ́wọ́ rẹ. A sọ fún wọn pé ó jáde, òótọ́ ni. Wọ́n tìtorí ẹ̀ dín owó-orí rẹ kù. Lọ́dún yìí, ó padà. A ó sọ fún wọn pé ó ti padà, òótọ́ náà ni. A ò ní fọwọ́ kan ìwé ọdún tó kọjá rárá. Inú ti ọdún yìí la ó kọ ọ́ sí, bí owó tó wọlé.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Rárá o. Ìwọ̀n èyí tó bá ọ dín owó-orí kù nìkan. Èyí tí kò ṣe ọ́ láǹfààní kankan lọ́jọ́ sí, wọn ò ní bi ọ́. Ká ní a ò yọ ọ́ rárá lọ́dún tó kọjá, ò bá gba ṣẹ́ẹ̀kì rẹ kí o máa lọ. Ká ní ó sì padà kí ọdún yẹn tó parí, ṣe là bá kàn yọ ọ́ kúrò nínú iye tí a kọ.”

“Bí mi ò bá wá gbé ṣẹ́ẹ̀kì náà lọ sí báńkì? Kó wà nínú àpótí lọ́dọ̀ mi.”

“Àbúrò, ó ti dé ọwọ́ rẹ. Ọdún tó dé ọwọ́ rẹ lọdún tó jẹ́ tirẹ̀. Báńkì o, àpótí o, ọ̀kan náà ni lójú wọn.”

Ó ti dé ọwọ́ rẹ. Ẹ̀gbọ́n ò mọ ohun tí wọ́n sọ sí mi. Ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sínú mi bí òkúta nínú kànga. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí owó yẹn kò fi ní tíì padà wálé. Ọsibítù kọ̀ ọ́, ìjọba ti kà á mọ́ mi lára. Mo dúpẹ́, mo dìde. Wọ́n bi mí pé, “Ìyàwó rẹ gbọ́?” Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ti fura. Nígbà tí mo wà ní ọsibítù, páìpù bẹ́ lẹ́yìn mi nílé. Obìnrin tó ń gbé lókè wa sáré wá pé omi ń dà lábẹ́ sínkì òun, pé kí wọ́n wá bá òun dì í. Ìyàwó mi ti wò mí ṣe é tó, ó mọ sípánà tó yẹ. Ó dì í. Nígbà tó fẹ́ dá sípánà padà sí àpótí irinṣẹ́ mi, ó rí àpòòwé ọsibítù tí mo ti ya, òfìfo, tí mo gbàgbé sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí mo délé, ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀. Ó gbé àpòòwé náà tì í.

“Dádì, níbo lohun tó wà nínú èyí wà?”

Mo fa ṣẹ́ẹ̀kì náà yọ lápò kóòtù mi. Ó kà á, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún kà á.

“Obìnrin wo lẹ fẹ́ fún?”

“Mọ́mì, jọ̀ọ́.”

“Mo ní obìnrin wo ni. Owó báyìí, ẹ wá gbé sípánà lé e lórí.”

Mo sọ fún un. Ti ewúrẹ́, ti ọkùnrin tí kò rí iṣu tuntun jẹ, gbogbo rẹ̀. Mi ò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán. Páìpù ooru tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kàn lẹ́ẹ̀kan.

“Ọrùn ta ni?” ló bi mí.

“Ọrùn rẹ ni.”

“Ọrùn mi ni. Ẹ wá ń dá gbé e kiri.” Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mo rò pé àpá yìí ló ń rí yín lára ni. Gbogbo síkáàfù tí mò ń dì mọ́rùn nínú ilé tó gbóná yìí, kí lẹ rò pé mo ń fi ṣe? Kí oúnjẹ lè wọlé fún yín ni.”

Mo wò ó. Síkáàfù aláwọ̀ ewé kan wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀, nítorí mi ò wo ibẹ̀.

Ó nu ojú. Ó jókòó. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Dókítà tó la ọrùn mi, ṣé ó rí owó gbà àbí kò rí?”

“Ó rí i gbà. Inṣọ́ránsì san án.”

“Níbo linṣọ́ránsì ti wá?”

“Ibi iṣẹ́ mi.”

“Ṣé bọ́ílà yẹn máa ń tan ara rẹ̀ ni? Ẹ̀yin náà lẹ sanwó oníṣègùn, Dádì. Ẹ wá tún fi owó òrùlé lé e. Èyí tó lé ni wọ́n dá padà. Ṣéńjì ni. Bí oníbúrẹ́dì bá fún wa ní ṣéńjì, ṣé a máa ń sọ pé ó ti yọwọ́ nínú búrẹ́dì?”

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tó bọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kò tíì dé ikùn mi. Ó mọ̀. A ti pẹ́ pọ̀.

“Bàbá yín ní kó má sùn nílé,” ló wí. “Ó dáa. Apá tó jẹ́ ti ìjọba nínú rẹ̀ kò ní sùn nílé. Ẹ jẹ́ ká lọ san án kí n tó lọ ya sikáànù.”

A kó ṣẹ́ẹ̀kì náà lọ sí báńkì pọ̀, a sì kọrí sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣírò ohun tó kàn mí, kí n san án lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kò tíì yá, ọdún tó ń bọ̀ la máa kọ ìwé ọdún yìí. Mo ní ṣé èèyàn ò lè san án sílẹ̀ ni? Wọ́n ní ó lè san án sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló ń lé mi. Ìyàwó mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá a ṣe é jọ̀ọ́. Ara ń ta á.”

Ẹ̀gbọ́n ń tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń mi orí. “Gbogbo ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ yẹn, sísá ni wọ́n ń sá fún ìjọba. Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń lé wọn.” Àwọn onídìrí gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí. Nígbà tí owó náà jáde kúrò ní báńkì mi, mo mí. Ó kéré sí ohun tí mo ti rò. Èyí tó kù pọ̀ tó fún páànù.

Ọjọ́ sikáànù, ìyàwó mi wọlé, èmi sì dúró ní ìta pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lórí itan mi. Ọsibítù yẹn ń fi sítíìmù gbóná bí ilé tèmi, páìpù wọn sì ń kàn. Nígbàkigbà mìíràn, ǹ bá ti sọ ohun tó ń ṣe é fún wọn. Lọ́jọ́ náà, mi ò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ti dí mi létí. Mo ti san án, mo sì ń bẹ̀rù. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sísan tí mo san án kò lé ẹ̀rù náà lọ. Ohun tó ṣe kò ju pé mo lè jókòó ti ìyàwó mi.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló mú un jáde. Ó ní ọrùn mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

A wọ reluwé. Ìyàwó mi tú síkáàfù, ó ká a sínú báàgì, ó jókòó sápá ọ̀tún mi, níbi tí àpá náà ti kọjú sí mi. Mi ò dìde. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé ìka mi lé ojú àpá náà láàárín gbogbo èèyàn. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ, súpà.”

Mo gbé ìka lé e bí mo ṣe máa ń gbé etí lé páìpù. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò kàn. Kò jò. Èmi tí mo mọ páìpù ni mo sọ bẹ́ẹ̀.